Kí A Tó Náwó Lé Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ pa ìwé yín dé ná. A kò ní kọ ohunkóhun sí ojú pátákó lónìí àfi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Kámẹ́rà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń ya fọ́tò, irú ti òde òní tí kò lo fíìmù mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dígítà.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá kò pamọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọ̀kan nínú yín, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ya fọ́tò níbi ìnáwó, dá àjọ fún oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí ó kó àjọ náà, ó ta kámẹ́rà kékeré tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, ó fi owó rẹ̀ kún un, ó di ọjà. Ó ra kámẹ́rà dúdú ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bí irú èyí tí àwọn oníròyìn ń gbé kọ́rùn. Wọ́n kọ 48MP gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Ó gbé e lọ sí òde ìgbéyàwó kan ní alẹ́ Sátidé. Gbogbo fọ́tò tí ó yà nínú gbọ̀ngán, àfi bí ẹni tí ó ń wo ènìyàn láti inú èéfín. Àwọn ẹlẹ́bi kò san owó ìyókù fún un. Ẹni tí ó ta kámẹ́rà fún un kò gbà á padà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ sọ fún wọn, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.”

A jọ yẹ páálí náà wò lórí tábìlì yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tí a rí? Lábẹ́ 48MP náà, wọ́n fi lẹ́tà tí ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: INTERPOLATED. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínà ni wọ́n nà án. Ohun tí kámẹ́rà náà rí gan-an kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni ó ń méfò ìyókù, tí ó sì ń fi kún un. Ẹni tí ó ṣe páálí yẹn ti sọ òótọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí ọmọkùnrin wa ra ọjà yìí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó mọ 4, ó mọ 8. Lẹ́tà kékeré yẹn kò yé e.

Kí ẹ má sì rò pé àìmọ̀wé nìkan ni ó ń fa irú èyí. Àwa tí ẹ ń wò yìí, a ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà. Ní ọdún 2008, àwọn òbí ọmọ dá owó jọ kí ilé-ìwé lè ní kámẹ́rà tirẹ̀. A lọ rà á. Ohun kan ṣoṣo ni a bi ẹni tí ń tajà: “Mélòó ni megapixel rẹ̀?” Ó dá wa lóhùn, a sì sanwó. A kò bi í pé irú bátìrì wo ni ó ń lò. Bátìrì wẹ́wẹ́ ni, irú ti aago ara ògiri. Ọjọ́ tí a fẹ́ dágbére fún ìyá àgbà kan, olùkọ́ tí ó ti fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, a bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò láti àárọ̀. Kí ìyá náà tó dìde láti gba ẹ̀bùn, kámẹ́rà kú. A rán ọmọ lọ ra bátìrì mìíràn ní ìsọ̀ ìtòsí. Wọ́n kì í, kò jí. Ní ọdún kejì ìyá náà papò dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá fọ́tò ọjọ́ ìdágbére ìyá wa.” Fọ́tò kánópì àti àga òfìfo ni a ní lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kámẹ́rà lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, tí a sì ń ka ìwé lórí rẹ̀. Ohun tí a rí kó jọ ni a fẹ́ pín fún yín.

Èkíní, ṣé ẹ nílò kámẹ́rà? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ-ọmọ yín ni ẹ fẹ́ yà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù, fóònù ọwọ́ yín tó, ó sì dára. Ẹ fi owó náà san owó ilé-ìwé. A kò ní tan yín jẹ. Ẹni tí yóò jẹun nídìí fọ́tò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyá kan wà láàrin yín tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ gba fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá ayafọ́tò láìpẹ́, ìyá náà ni ó sì fẹ́ ra kámẹ́rà fún un. Ìyá, ẹ súnmọ́ iwájú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ MP yìí. Ẹ wo adé ọba. Bí ẹ bá jìnnà sí i, ẹ ó rí àwòrán ojú ènìyàn àti ẹyẹ lára rẹ̀. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́tò dígítà rí. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní píkísẹ̀lì. Bí ó bá pé mílíọ̀nù kan, ó di mẹ́gápíkísẹ̀lì kan, òun ni wọ́n ké kúrú sí MP. Kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́, Steven Sasson ni ó ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975. Ó wúwo ju kílò 3 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó fi ń kọ fọ́tò kan ṣoṣo sórí kásẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò sì ju 10,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọjà yìí dé àárín ìlú, iye ìlẹ̀kẹ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Nígbà náà ó kéré lóòótọ́. Lónìí kò kéré mọ́.

Ẹ fi ìṣirò tí a kọ́ yín wò ó. Fọ́tò inú álúbọ́ọ̀mù jẹ́ ínṣì 4 ní ínṣì 6. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó jọjú, ìlẹ̀kẹ̀ 300 ni wọ́n ń tò sí ínṣì kan. 4 lọ́nà 300 jẹ́ 1,200. 6 lọ́nà 300 jẹ́ 1,800. Ẹ fi 1,200 sọ 1,800 di púpọ̀, ẹ ó rí 2,160,000. Mẹ́gápíkísẹ̀lì 2 àti díẹ̀ péré ni. Èyí tí a ń fi kọ́ ògiri pálọ̀, ínṣì 8 ní ínṣì 10, kò ju 7 àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kámẹ́rà tí ó bá ní 12 ní tòótọ́ ti tó fún òde ìnáwó. Kí ni 48 fẹ́ ṣe?

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, ẹni tí ń tajà kì í sáábà dárúkọ rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹ gbé agbada àti ife sí ìta fún àkókò kan náà, èwo ni yóò gba omi jù? Ìmọ́lẹ̀ ni òjò ti kámẹ́rà. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Sẹ́nsọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kéékèèké tí a ń kì bọ àpò, àwo yìí kò ju mìlímítà 6 ní ìbú lọ, àti 4 àbọ̀ ní gíga. Kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ. Nínú kámẹ́rà tí a lè yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kí a fi òmíràn sí i, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ayafọ́tò wa, ó jẹ́ bíi mìlímítà 23 ní ìbú àti 15 ní gíga. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹ bá délé: ó fi ìlọ́po 12 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òmíràn tún wà tí ó tóbi ju ìyẹn lọ, 36 ní 24, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Ní ọ̀sán gangan, òjò ìmọ́lẹ̀ pọ̀; ife àti agbada ni yóò kún. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà 48MP yẹn fi dára lójú ọmọkùnrin wa nígbà tí ó dán an wò ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Alẹ́ ni ó tú àṣírí. Nínú gbọ̀ngán, níbi tí iná jẹnẹrétọ̀ ń ṣẹ́jú, ife kò rí nǹkan kan gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dán kámẹ́rà wò, ẹ má dúró sí ìta. Ẹ wọ inú ìsọ̀ lọ, ẹ lọ sí igun tí ó ṣókùnkùn, ẹ ya ojú ẹni tí ń tajà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń yára lé yín bọ́ sí ìta, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ méjì tí a fẹ́ kọ sí pátákó nìyí: OPTICAL àti DIGITAL. Ẹ ó rí wọn lára páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ fífa nǹkan tó jìnnà súnmọ́ tòsí, èyí tí wọ́n ń pè ní súùmù. Bí ó bá jẹ́ OPTICAL, dígí iwájú ni ó ń rìn, tí ó ń fa ènìyàn súnmọ́ wa lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ DIGITAL nìkan, kò fa ẹnikẹ́ni súnmọ́. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó fi sísọ́ọ̀sì gé àárín fọ́tò, tí ó sì wá nà án fẹ̀. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ OPTICAL, ẹ fojú fo ti èkejì. Ti ọmọkùnrin wa, 16X DIGITAL ni wọ́n kọ sí i. OPTICAL kò sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn ènìyàn máa ń jà lórí Nikon àti Canon bí ẹni tí ń jà lórí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. A kò ní dá sí i. Ilé-iṣẹ́ Japan ni méjèèjì, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀: lẹ́ńsì ti ọ̀kan kì í wọ ara èkejì. Nítorí náà, Ìyá, bí ọ̀gá ọmọ yín bá ń lo Nikon, Nikon ni kí ẹ rà. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, yóò rí lẹ́ńsì yá. Nínú Nikon pàápàá, ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. D90 tí ó jáde ní ọdún 2008 ní mọ́tọ̀ nínú tí ń yí lẹ́ńsì àtijọ́ fúnra rẹ̀ kí fọ́tò lè mọ́; D3000 àti àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní. Bí ẹ bá fi lẹ́ńsì àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú sí i, ọwọ́ ni yóò fi máa yí i, ìyàwó á sì ti jó kọjá kí ó tó yí i tán.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sí gbèsè nítorí kámẹ́rà ńlá. J. D. ’Okhai Ojeikere, ẹni tí ó ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa láti ọdún 1968 títí òkìkí rẹ̀ fi kàn ká ayé, kámẹ́rà Brownie kékeré tí kò ní fúláàṣì ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950.

Ó ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, nítorí òun ni púpọ̀ nínú wa lè rà. Tòkunbọ̀ kò burú. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí ó dára sàn ju tuntun tí kò ní láárí lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yẹ ẹyẹlé wò lápá lẹ́sẹ̀ kí a tó rà á ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ ní kí wọ́n yọ lẹ́ńsì, kí ẹ tan iná sí i láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì wo inú dígí náà. Bí ẹ bá rí ohun kan tí ó rí bí òwú aláǹtakùn, tàbí bí ohun funfun tí í hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Ọ̀rinrin ni ó fà á, yóò sì máa tàn kálẹ̀. Ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀, bóyá irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ ya ògiri funfun. Bí àbàwọ́n dúdú kan bá wà lójú kan náà nínú fọ́tò mẹ́ta, ìdọ̀tí wà lórí àwo. Nígbà mìíràn ó ṣe é nù, ṣùgbọ́n ẹ lè fi í dín owó kù.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ dà bí mọ́tò, ó ní iye máìlì tí ó ti rìn. Ìgbàkígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, aṣọ ìkélé kékeré kan inú rẹ̀ yóò ṣí, yóò sì padé. Nikon dán ti D90 wò dé ìgbà 100,000, ó sì dán ti D7000 wò dé ìgbà 150,000. Lẹ́yìn ìyẹn ó lè bàjẹ́ nígbàkígbà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dandan. Ti Nikon, iye náà máa ń wà nínú fọ́tò tí ó bá yà, ọmọ tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà lè wá a jáde ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá a lójú yín. Ẹni tí ó bá ní, “Ìyá mi, ẹ má ṣèyọnu, wọn ò lò ó rí,” ẹ dá a lóhùn pé, “Ó dára, ọmọ mi, jẹ́ ká kà á.”

Ẹ ka ara ṣájà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ 100-240V sí i, iná ilé wa kò ní jó o. Bí ó bá jẹ́ pé 100V tàbí 120V nìkan ni, láti òkè òkun níbi tí iná wọn kò lágbára tó tiwa ni ó ti wá. Ẹ má kì í bọ ògiri láé. Ẹ sì wo èdè tí kámẹ́rà náà ń sọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan nìkan, tí kò ní èdè mìíràn nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá A, B, D jà, ẹ ṣe fẹ́ fi ìyẹn kún un?

Ẹ má ná gbogbo owó sórí ara kámẹ́rà. Bátìrì méjì, nítorí iná ọba. Káàdì méjì tí ń tọ́jú fọ́tò. Àpò tí òjò kò lè wọ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì ayédèrú wà nígboro tí wọ́n kọ 64 sí lára tí kò lè gba 8. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè rí padà, ẹ ya fọ́tò kún un dẹ́nu kí ẹ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì ṣí èyí tí ẹ yà kẹ́yìn wò. Bí kámẹ́rà bá sì kọ̀ láti gba fọ́tò sínú káàdì, ẹ má pariwo. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ káàdì náà, ẹ ó rí ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n kọ LOCK sí. Bóyá ọwọ́ yín ni ó tì í.

Rìsíìtì ńkọ́? Ẹ gbà á. Nọ́ńbà kan wà ní abẹ́ kámẹ́rà tí kò sí lára èkejì rẹ̀. Ẹ da nọ́ńbà náà kọ fúnra yín, kí ẹ fi wé ti ara páálí bí páálí bá wà, kí ẹ rí i pé òun gan-an ni wọ́n kọ sínú rìsíìtì pẹ̀lú orúkọ àti ojúlé ẹni tí ó tà á. Ọjà olè kò jìnnà sí ọjà tòkunbọ̀. Bí ọlọ́pàá bá béèrè, ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ fún yín.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, àwa, Ìyá, ọmọ rẹ̀, àti ọmọkùnrin wa onítàn 48MP yóò wọ ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ọmọkùnrin wa ni yóò máa ka páálí sókè fún wa. Àwa yóò kàn dúró sẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì, kálàmù àti ìwé kékeré kan dání, kí ó sì jẹun kúrò nílé.